Ṣé ẹnìkan lè bá ọmọ wa gba bourse ìjọba, ìyẹn owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, ní Kútọnu?

Ìbéèrè: Ọmọbìnrin mi yege nínú bac D (ìdánwò àṣejáde girama, ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì) ní ọdún yìí, moyenne rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀, sì jẹ́ 14 nínú 20. Ọkùnrin kan ní Kútọnu sọ pé tí a bá san 150,000 sẹ́fà, òun yóò fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tí ìjọba ń fún ní bourse láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó ní kí a fi nọ́ńbà tábìlì rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánwò rẹ̀) àti ìwé èsì rẹ̀ ránṣẹ́. Ìwé wo ló tún yẹ kí a fi kún un, ṣé owó náà kò sì pọ̀ jù? (Bàbá kan ní Kétu)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ọmọ, bàbá. Kò sí ìwé kankan tó yẹ kí ẹ fi kún un, owó náà ì bá sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan péré, ó ti pọ̀ jù, nítorí ohun tí ọkùnrin yìí ń tà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohùn mi. Lọ́dọọdún, bí èsì bac bá ti jáde báyìí, irú ìbéèrè yìí ni àwọn òbí láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Sakété àti Ṣábẹ máa ń gbé wá bá mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé wọ́n ti sanwó kí wọ́n tó béèrè.

Ohun tó ń kó àwọn òbí sí wàhálà ni èrò pé bourse jẹ́ oore tí ọ̀gá kan ń ṣe ní iléeṣẹ́ ìjọba fún ẹni tó bá rí ojú rere rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àyè ni ìjọba Benin ń pín. Fún filière kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ìjọba máa ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gba bourse níbẹ̀ àti iye àwọn tí yóò wọlé ní titre payant, tí wọn yóò máa san owó ẹ̀kọ́ fúnra wọn. Ọmọ tó yege yóò wọ ojú-òpó apresmonbac.bj láàárín ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, yóò sì yan àwọn filière tó fẹ́, èyí tó wù ú jù níwájú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi kọ̀ǹpútà to gbogbo àwọn tó yan filière kan náà, láti orí ẹni tí èsì rẹ̀ dára jù lọ wá sílẹ̀, títí àyè yóò fi kún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọkùnrin yẹn ṣe ń jẹun, kí ẹ lè mọ̀ pé kò nílò láti mọ ẹnikẹ́ni ní iléeṣẹ́ ìjọba. Ká ní ó gba owó lọ́wọ́ òbí mẹ́wàá tí èsì ọmọ wọn dára. Kò ní ṣe ohunkóhun. Nígbà tí orúkọ bá jáde, ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn yóò rí bourse gbà nípa agbára èsì tiwọn, òun yóò sì sọ fún òbí wọn pé, "Ẹ ò rí i bí?" Àwọn wọ̀nyí ni yóò máa yìn ín kiri ọjà. Fún àwọn tó kù, yóò ní ọ̀gá òun ni wọ́n ṣí nípò lójijì, tàbí pé owó náà ni kò tó. Yóò dá díẹ̀ padà fún ẹni tó bá pariwo jù. Òun àti ẹni tó ń gba owó òjò lọ́wọ́ àgbẹ̀ nínú oṣù Okúdù, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Owó tó bá jẹ gbé tilẹ̀ kéré sí jàǹbá kejì. Nọ́ńbà tábìlì àti ìwé èsì tó ń béèrè yẹn ni ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ohun tí kò yẹ lórúkọ ọmọ yín. Ọmọ kan wá sọ́dọ̀ mi rí tó jẹ́ pé irú alágbàṣe bẹ́ẹ̀ ló bá a yan filière. Filière tí àyè bourse rẹ̀ kò ju díẹ̀ lọ, tí gbogbo ayé sì ń lé, nìkan ló kọ síbẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà fi mọ̀, ojú-òpó ti pa dé. Ọmọbìnrin yín ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohun tó bá yàn, kí ẹ̀yin jókòó tì í, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ má sì kúrò nínú ilé yín.

Ní ti moyenne 14, ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ mọ̀. Ẹ mú relevé rẹ̀, ìyẹn ìwé tí iye tó gbà nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ wo ìlà maths, ti PCT (físíìsì àti kẹ́mísìrì) àti ti SVT (ìmọ̀ nípa ohun alààyè àti ilẹ̀ ayé). Bí ó bá jẹ́ pé philosophie, Faransé àti eré ìdárayá ló gbé e dé 14, tí maths rẹ̀ sì jẹ́ 9, ọmọ mìíràn tí moyenne rẹ̀ kò ju 12 lọ ṣùgbọ́n tó gba 16 nínú maths lè ṣíwájú rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí iṣẹ́ tí filière náà dúró lé ni wọ́n ń wò jù. Bí ó bá sì jẹ́ pé SVT ni agbára rẹ̀, ẹ má fi ipá tì í sí ẹ̀ka kíkọ́ ilé àti afárá nítorí pé ọmọ ará ilé yín kan ń ṣe é.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ju iṣẹ́ dókítà àti génie civil (kíkọ́ ilé àti afárá) lọ, ìdí sì nìyẹn tí àyè ibẹ̀ fi ń há jù. Ẹ wo àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà: EPAC àti IFRI wà ní Abomey-Calavi, àkọ́kọ́ fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, èkejì fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, IMSP wà ní Dangbo, ní ìtòsí Àjàṣẹ́, fún àwọn tí ìṣirò àti físíìsì wà lẹ́jẹ̀ wọn, Báǹkì Àgbáyé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́ ní 2014 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó ta yọ ní Áfíríkà, UNSTIM, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2016 fún ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò, wà ní Abomey. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kétu wá gbàgbé pé Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti ìjọba wà nínú ìlú yín, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa igbó àti nípa ẹran ọ̀sìn. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe bí a ṣe ń fi ọkọ́ ro ilẹ̀, ọmọ tí SVT rẹ̀ dára sì lè rí àyè níbẹ̀ ju ibi tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ. Kí ó fi èyí tó wù ú jù ṣíwájú, kí ó sì fi èyí tí èsì rẹ̀ lè gbé tẹ̀ lé e.

Ní ti àwọn bourse òkè òkun, bíi ti Mòrókò, Àlgéríà tàbí Ṣáínà, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ gíga ló máa ń kéde èyí tó bá gba ọwọ́ ìjọba kọjá. Ìlànà kan náà ni: ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó fi orúkọ sílẹ̀, ẹ sá fún un.

Bí ọmọ bá rí bourse gbà, ẹ má ta ilẹ̀ lórí rẹ̀. Owó náà kì í dé ní ọjọ́ tí orúkọ jáde, ó sì máa ń pẹ́ nígbà mìíràn, nítorí náà ẹ wá owó ilé àti oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì kùnà tó ní láti tún ọdún ṣe, bourse náà lè bọ́.

Olùdámọ̀ràn nípa ẹ̀kọ́ ni mí, n kì í ṣe agbẹjọ́rò, ìlànà sì lè yí padà lọ́dọọdún. Ìkéde ọdún yìí ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Bí ẹ bá ti fún ọkùnrin náà ní nǹkan kan, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí kọmisáríà tó wà nítòsí yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ní ọ̀la ni kí ẹ gbé ìwé ìbí rẹ̀ àti relevé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nítorí pé akọ̀wé tó ń fi èdè Faransé kọ̀wé ló ń kọ orúkọ wa, "Adéṣínà" lè jẹ́ Adéchina lórí ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ Adeshina lórí èkejì. Bí orúkọ kò bá bá ara wọn mu, ẹ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ yẹn má baà dá a dúró níbi ìforúkọsílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti rí àyè.