Ẹ̀yin tó fẹ́ lọ tún ọ̀nà òkè ṣe, ẹ kọ́ bí omi ṣe ń rìn

Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́jọ láti Ìbàdàn fẹ́ yọ̀ǹda ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù Kejìlá láti lọ tún ọ̀nà ẹsẹ̀ ṣe lórí òkè, ní ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ Gashaka-Gumti. Ẹ ní ẹnikẹ́ni nínú yín ò ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa rà àti irú iṣẹ́ tó ń dúró dè yín. Mo rí i pé ẹ ti kọ àdá mẹ́jọ àti ayùn mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ dín in kù. Àdá méjì àti ayùn ọlọ́wọ́ kan ti tó. Igbó ṣíṣán kéré nínú iṣẹ́ náà. Omi ló gba gbogbo ìyókù.

Ẹsẹ̀ nìkan kì í tètè ba ọ̀nà òkè jẹ́. Ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń tẹ àárín ọ̀nà wọlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ á wá yọrí bí ebè, ọ̀nà á di poro. Tí òjò bá dé, inú poro yẹn ni omi á gbà. Kò níbi tí yóò gbà jáde, eré rẹ̀ á máa pọ̀ sí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, á gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ, á ṣẹ́ ku òkúta àti gbòǹgbò. Ẹni tó ń kọjá á yà fún òkúta, á tẹ koríko ẹ̀gbẹ́, poro kejì á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ò yẹ kó bèèrè àpẹẹrẹ jìnnà. Ẹ lọ sí Òkè Àrẹ lọ́jọ́ Sátidé kan, ẹ rìn yí ẹ̀yìn ilé gogoro Láyípo ká, ẹ wo bí àgbàrá ti ṣe fá àwọn ọ̀nà tóóró ibẹ̀. Àgbàrá òjò ò ní òun ò ní ilé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ̀yin ni onílé fún ọjọ́ mẹ́wàá yẹn.

Oṣù Kejìlá tí ẹ mú dára. Òjò ti dáwọ́ dúró, ilẹ̀ ò sì tíì gan bí yóò ti gan nínú oṣù Kejì. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹ ò ní rí omi tó ń ṣàn kí ẹ fi mọ ibi tó ń ba ọ̀nà jẹ́. Ipa rẹ̀ lẹ máa wò: ibi tí iyanrìn wẹ́wẹ́ kó jọ sí, ibẹ̀ ni omi ti dẹ ẹsẹ̀, ibi tí gbòǹgbò ti hàn síta, ibẹ̀ ló ti sáré. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ da omi ìgò kan sójú ọ̀nà, kí ẹ tẹ̀ lé e. Tó bá gba àárín ọ̀nà lọ ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ, iṣẹ́ wà níbẹ̀.

Gọ́tà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ kó. Iṣẹ́ yìí ò wu ẹnikẹ́ni, ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ẹ fi ṣọ́bìrì kó ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ewé jáde láti ojú ọ̀nà títí dé ibi tí omi ti ń tú sínú igbó. Ẹnu ibi tó ti ń jáde ni kí ẹ fẹ̀ dáadáa, kó gba ṣọ́bìrì méjì ní ìdábùú, nítorí ẹnu tóóró ni ewé máa ń dí. Ẹrẹ̀ tí ẹ kó, ẹ má dà á sí ẹnu ọ̀nà omi náà. Gbogbo ẹni tuntun ló ń ṣe é, òjò àkọ́kọ́ á sì dá a padà. Ẹ gbé e lọ sí apá ìsàlẹ̀ gọ́tà náà lójú ọ̀nà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wó ebè tó wà létí ọ̀nà lápá ìsàlẹ̀ òkè. Ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀ yẹn: sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 nínú mítà kan ìbú. Ẹ gbé pátákó gígùn mítà kan dábùú ọ̀nà, ẹ fi ìgò omi tó kún dé ìdajì lé e lórí, ẹ gbé etí pátákó ti apá ìsàlẹ̀ sókè títí omi inú ìgò á fi tẹ́jú, kí ẹ wọn àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ẹsẹ̀ á máa yọ̀. Tí kò bá tó 3, omi ò ní jáde. Ọ̀nà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 ti tó. Ẹ má sọ ọ́ di títì ọkọ̀.

Ibi tó bá ga, dídagẹ̀rẹ́ nìkan ò ní ṣe é. Ọgbọ́n méjì ló wà fún un. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kòtò pẹlẹbẹ: ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, gígùn rẹ̀ tó mítà 3, kó dagẹ̀rẹ́ síta ju ojú ọ̀nà tó kù lọ, kí ẹ wá kó iyẹ̀pẹ̀ tó jáde lé apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí òkìtì gígùn tí ẹsẹ̀ lè gùn láìmọ̀. Kò sí òkúta tó máa yọ, kò sí igi tó máa jẹrà. Ó tún ní àǹfààní mìíràn ní Gashaka-Gumti: àwọn Fúlàní darandaran wà tó ń gbé ní àwọn ibi tí a yà sọ́tọ̀ nínú ọgbà náà, màlúù sì ń gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ènìyàn. Màlúù á gun kòtò pẹlẹbẹ kọjá. Àtẹ̀gùn gíga ló máa yẹ̀ fún, ibi tó bá sì yẹ̀ gbà ni àgbàrá tuntun á ti bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n kejì ni ìlà òkúta tí a rì dábùú ọ̀nà láti darí omi. Òun ló máa ń bàjẹ́ jù lọ́wọ́ ẹni tuntun, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má gbé e dábùú gbọọrọ bí ìlà ẹnu ọ̀nà ilé. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, omi á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á da ẹrẹ̀ sílẹ̀, ẹrẹ̀ á kún, omi tó kàn á fò ó kọjá. Ẹ dá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìdajì igun ilé, ìyẹn digíríì 45, kí omi lè máa fi eré ara rẹ̀ gbá ibẹ̀ mọ́. Orí rẹ̀ lápá òkè gbọ́dọ̀ wọ inú ògiri ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi á yí i ká. Ìdí rẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ kọjá etí ọ̀nà. Ẹ tò ó láti ìdí lọ sí orí, kí òkúta kọ̀ọ̀kan gun èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ bí páànù òrùlé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta òkúta ni kó wà nínú ilẹ̀. Òkúta tí ẹ bá lè fi gìgísẹ̀ mì, ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbẹ́ ihò rẹ̀ jìn sí i.

Bí àwọn kòtò pẹlẹbẹ tàbí ìlà òkúta yìí ṣe máa jìnnà síra wọn wà lọ́wọ́ bí ọ̀nà ṣe ga tó. Ibi tí ọ̀nà bá ti ń gòkè mítà kan nínú mítà 10, ẹ fi nǹkan bíi mítà 15 sáàárín wọn. Ibi tó bá jẹ́ mítà kan nínú 20, mítà 35 ti tó. Kí àwọn méjì tó jẹ́ ẹni tuntun má gbèrò ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́. Mẹ́wàá tó dúró sàn ju ogún tí àgbàrá máa kó lọ nínú oṣù Karùn-ún.

Irú òkúta náà ṣe kókó. Yangí ò dára. Ó máa ń fọ́ tí ẹsẹ̀ bá pọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ fi òòlù lu èyí tí ẹ bá rí: tó bá dún bí irin, ẹ mú un, tó bá dún bí ìkòkò tó sán, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má hú òkúta tó di etí odò tàbí ògiri ọ̀nà mú. Tí ẹ bá fẹ́ ṣí òkúta nílẹ̀, ẹ fa etí rẹ̀ tó jìnnà sí yín sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí yín, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni àkeekèé àti ejò ń sùn sí. Òkúta tí ẹ lè yí, ẹ má gbé e. Èyí tí ẹ bá máa gbé, kó má ju kílò 25 lọ fún ẹnì kan, ìyẹn ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé ẹ lè rù ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ títẹ́jú. Lórí òkè, orúnkún ló máa sanwó rẹ̀. Nígbà tí òkúta bá ń yí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ ní àádọ́ta mítà.

Àtẹ̀gùn òkúta ni kí ẹ gbé kẹ́yìn, ibi tó ga gan-an nìkan sì ni. Ìsàlẹ̀ ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Òkúta tó kàn á jókòó lé ẹ̀yìn èyí tó wà níwájú rẹ̀. Gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ínṣì 6 sí 7. Kó má ga tó búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án láé. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ínṣì 12 ó kéré tán. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ fọ́ sínú àlàfo tó wà lẹ́yìn wọn. Iyẹ̀pẹ̀ máa ń jò lọ, àtẹ̀gùn á sì máa mì. Ẹ to òkúta ńlá onígun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹsẹ̀ má baà rí ibi tí yóò yà gbà.

Fún igbó, ẹ ṣán an kó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 tàbí 5, kó sì ga tó kí ẹni tó ru ẹrù sórí lè kọjá. Ẹ má fi àdá gé igi kékeré ní ìdagẹ̀rẹ́. Kùkùté ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń fi sílẹ̀, ẹni tó bá ṣubú lé e á fara gbọgbẹ́ gidi. Ẹ fi ayùn gé e mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ̀ka ńlá, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé abẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó gé e látòkè, kí èèpo má baà bó wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tí ẹ gé náà ni kí ẹ kó dí ẹnu ọ̀nà àbùjá.

Irinṣẹ́ fún ènìyàn mẹ́jọ: ọkọ́ mẹ́ta, dígà méjì, ṣọ́bìrì mẹ́ta, irin gbọọrọ méjì tí a fi ń ṣí òkúta (ẹsẹ̀ bàtà 5), òòlù ńlá kan, páànù ìkóyẹ̀pẹ̀ mẹ́rin, àti àdá méjì pẹ̀lú ayùn kan tí mo sọ. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́ náà fún yín, kí ẹnu rẹ̀ nípọn. Ọkọ́ oko lásán máa ń ká lórí òkúta. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbọ̀wọ́ aláwọ méjì-méjì, bọ́ọ̀tù tó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti gíláàsì ojú fún ẹni tó ń fọ́ òkúta. Kí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá wà láàárín ẹni méjì tó ń ṣiṣẹ́. Àwọn bàbá wa máa ń gbé ọkọ́ kọ́ èjìká lọ sóko. Lórí òkè, ọwọ́ apá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi mú un, kí ẹ lè jù ú nù tí ẹsẹ̀ bá yọ̀.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ọgbà náà ní Serti, ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ẹ kọ orúkọ yín, ọjọ́ tí ẹ máa dé, àti gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbé wọlé. Ẹni tí wọ́n bá bá pẹ̀lú àdá àti ayùn nínú ọgbà láìsí ìwé, agégi ni wọn yóò pè é. Ẹ bèèrè irinṣẹ́ tí wọ́n ti ní, kí ẹ má baà ru irin láti Ìbàdàn lásán. Ẹ bèèrè bí ààbò ọ̀nà ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra gan-an, ẹ má sì gòkè láìsí ẹ̀ṣọ́ ọgbà níwájú yín. Ẹ má ka ọjọ́ ìrìnàjò mọ́ ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Ọ̀nà náà jìn.

Òtútù máa yà yín lẹ́nu. Òkè Chappal Waddi tó wà nínú ọgbà náà ga ju mítà 2,400 lọ, òun ló sì ga jù ní Nàìjíríà. Ọyẹ́ Ìbàdàn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ibẹ̀ lóru. Ẹ mú súwẹ́tà, fìlà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì, àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún ìsàlẹ̀ òkè. Lọ́jọ́ iṣẹ́, omi lítà 4 fún ẹnì kan, àti ORS (èròjà iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi mímu) nínú àpò. Gaàrí, ẹ̀pà àti kúlíkúlí ni oúnjẹ ọ̀sán. Èlùbọ́ fúyẹ́, kì í sì í tètè bàjẹ́, nítorí náà àmàlà ṣeé ṣe lálẹ́, ṣùgbọ́n sítóòfù kékeré ni kí ẹ fi rò ó. Igi dídá nínú ọgbà ò sí, iná nínú koríko gbígbẹ nígbà ọyẹ́ sì kọjá ohun tí ènìyàn mẹ́jọ lè pa.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ẹ rìn láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹ da omi sí kòtò pẹlẹbẹ àti ìlà òkúta kọ̀ọ̀kan, ẹ tún èyí tí omi bá fò ṣe. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ tó bá yín ṣiṣẹ́, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó ya tirẹ̀ láti ojúkan náà lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún tó ń bọ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí yín.