Ọ̀dà ọmọ mi ń dàrú bó ṣe ń ya ọkọ̀ Temeraire

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Wọ́n ní kí ọmọ mi, ọmọ ọdún 10, fi ọ̀dà olómi ya *The Fighting Temeraire*, àwòrán ọkọ̀ ogun tí ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nì, J. M. W. Turner, yà, èyí tó wà lẹ́yìn owó £20 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ọ̀run tó bá kùn, ńṣe ló ń dà bí omi ẹrẹ̀. Kí ló fà á? Ṣé kí n mú un lọ wo ojúlówó rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọ̀ ọsàn àti búlúù ló ń pàdé láìtíì gbẹ. Tí wọ́n bá dà pọ̀, àwọ̀ eérú ni wọ́n ń dì, àwọ̀ méjèèjì yìí ló sì gba àwòrán náà: búlúù lápá òsì, iná oòrùn lápá ọ̀tún.

Ẹ ra bébà tó nípọn, gsm 300 (bí bébà ṣe wúwo tó nìyẹn: gíráàmù 300 ní mítà kan níbùú lóròó). Èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń ká kò, omi á wá dárogún sójú kan. Ẹ gé e sí sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40, torí ojúlówó jẹ́ 90.7 sí 121.6. Ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́ pákó. Yẹ́lò ni kó kọ́kọ́ kùn, láti ibi oòrùn lọ sókè, kó tó kan àwọ̀ ọsàn àti pupa. Kó fi àyè ìka méjì sílẹ̀ kó tó fi búlúù sí i. Tí bébà bá ṣì tutù lẹ́yìn ọwọ́, kò tíì gbẹ nìyẹn. Ìgbà tó bá gbẹ pátápátá ni kó fi búlúù tó ṣàn bo àyè náà. Ife omi méjì o: ọ̀kan fún fífọ búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan fún pípo ọ̀dà. Ife kan ṣoṣo ló ń ba iṣẹ́ àwọn ọmọ jẹ́ jù.

Ọkọ̀ ńlá tó funfun yẹn, kó dá bébà sí níbẹ̀, kó fi àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe òjìji rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó ń fà á ló gbẹ̀yìn: búlúù pọ̀ mọ́ búráùn, kì í ṣe dúdú inú páálí, tó máa ń pa ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Tíṣà lè bi í léèrè ìtàn. Ọkọ̀ ogun alágbá 98 ni Temeraire, ó jà nínú ogun ojú omi Trafalgar ní 1805. Ní 1838 ni wọ́n fà á láti èbúté Sheerness lọ sí Rotherhithe ní Lọ́ńdọ̀nù láti tú u palẹ̀. Wọ́n ti yọ òpó ìgbòkun rẹ̀ nígbà náà, ọkọ̀ eléèéfín méjì ló sì fà á. Turner dá òpó padà, ó fi ọkọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe: ó fẹ́ kí ọkọ̀ àtijọ́ náà lọ tòun ti ọlá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ èyí sílẹ̀. Ó wù mí ju kó há ọdún sórí lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ mú un lọ sí National Gallery, ilé àfihàn àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni. Kó wo bí ọ̀dà ṣe nípọn níbi tí oòrùn ti kan àwọsánmà, tí okùn ọkọ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wọn wò, torí wọ́n máa ń yá a jáde. Ní 2024, Newcastle ló wà.