Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Wa: Ṣé ogbó náà ló ń ṣe màmá wa?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù aleekum, ẹ̀gbọ́n wa nọ́ọ̀sì. Màmá wa àgbà ti lé ní 90, Òkèlele ni wọ́n ti ń mọ ìkòkò títí orúnkún fi ní ó tó. Nígbà tí àbúrò wọn tí wọ́n jọ ń mọ ọ́n kú, bọ́ọ̀dá wa kó wọn lọ sílé tuntun tó kọ́ sí Tanke, iná ń bẹ, omi ń bẹ, ọmọọ̀dọ̀ ń sè fún wọn. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́ o. Agogo mẹ́ta òru ni wọ́n ti ń lajú sílẹ̀, wọ́n á ní nǹkan ń rìn lórí àwọn, àyà ń já àwọn. Tẹ̀sùbáà tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn ti wà lórí ìṣó látọjọ́ yìí, tá a bá sì kí wọn, wọ́n á ní kí Ọlọ́run wá mú àwọn lọ. Bọ́ọ̀dá ní ogbó ni, ó ń ra D5 (oògùn oorun, diazepam) fún wọn ní kẹ́mísìt kí wọ́n lè sùn. Ṣé ogbó náà ni lóòótọ́?
Ọmọọmọ wọn, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Waaleekum salaam, àbúrò mi. Bọ́ọ̀dá yín ń tọ́jú ìyá, ẹ bá mi kí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ogbó yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, ó jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lójú mi. Láàrin 2003 sí 2004, àwọn dókítà Ìbàdàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ṣáájú wọn lọ káàkiri ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Kwara wà ńbẹ̀, wọ́n bá àwọn àgbà tó lé ní 2,000 sọ̀rọ̀, ẹni 65 sókè. Nínú 100, bíi 7 ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú láàrin ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn. Tó bá ṣe pé ogbó ló ń mú un wá, àwọn 93 tó kù ńkọ́? Ṣé àwọn ò gbó ni?

Àwọn àgbà wa kì í sábà sọ pé inú àwọn bà jẹ́, ara ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Orí tí nǹkan ń rìn, àyà tó ń já, oúnjẹ tí ò wọlé, ojú tó là lóru tí oorun ò padà wá. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé wọn lọ sí jẹ́nẹ́rà tàbí UITH, ọsípítù Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyi, ẹ kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, àti àgbo náà, mo mọ̀ yín, ẹ má fi pamọ́. Wọ́n á wo ẹ̀jẹ̀ wọn, ṣúgà, ojú àti etí, torí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé, dídákẹ́ ló kù. Tí wọ́n bá fún wọn ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó ṣiṣẹ́ lára àgbà, ẹ má sọ ọ́ nù lọ́sẹ̀ kejì pé kò jẹ́.

D5 yẹn ńkọ́? Ó máa ń pẹ́ lára arúgbó, wọ́n á dìde lóru lọ tọ̀, òòyì á kọ́ wọn, ibi tí egungun ìbàdí ti ń kán nìyẹn. Àmọ́ ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì o, díẹ̀díẹ̀ ni dókítà á mú un kúrò.

Ti kí Ọlọ́run mú wọn, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n gbangba bóyá ó ti ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n gba ẹ̀mí ara wọn. Bíbéèrè kọ́ ló máa fi í sí wọn lọ́kàn. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, ẹ kó oògùn kòkòrò kúrò nílé, kẹ́ ẹ gbéra lọ sọ́sípítù lọ́jọ́ náà.

Ilé Tanke yẹn gan-an ló wà lọ́kàn mi. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ayé rọ àgbà lọ́rùn: bí ojú àti etí ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣé wọ́n ṣì ń dá pinnu nǹkan, ohun tí wọ́n ti gbé ṣe, jíjáde sáàrin èèyàn, ọ̀rọ̀ ikú, àti ẹni tó sún mọ́ wọn. Mo wò ó títí, mi ò rí tàìlì ńbẹ̀, mi ò rí jẹnẹrétọ̀. Màmá tó ti ń po amọ̀ látìgbà ọmọdé, tí aládùúgbò ń yà kí láràárọ̀, tó ń ná owó ọwọ́ ara wọn, ẹ gbé wọn sáàrin ògiri, ẹ ní "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe nǹkan kan." Wọ́n ti jókòó náà nìyẹn.

Ẹ máa gbé wọn padà sí agbo ilé, kódà kó jẹ́ Jímọ̀ sí Àìkú, kí wọ́n sùn ńbẹ̀. Ẹ ra amọ̀ fún wọn, orúnkún ló ní ó tó, ọwọ́ ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mọ èyí tó kéré, bó wọ́ kó wọ́, kí ọmọ kan jókòó tì wọ́n máa wò ó. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sebẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ àbúrò wọn, ẹ yé ní "Ìyá, ẹ gbàgbé ẹ̀." Tẹ́ ẹ bá ti rí dókítà, ẹ kọ̀wé sí mi padà, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa etí yẹn.