Ẹ Bi Bàbá Wẹ́dà: Bọ́ńpà irin wo ló yẹ Hilux tó ń kó ẹja?

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ń ta ẹja. Hilux ọdún 2012 ni mo fi ń kó ẹja lọ sí Ìkòròdú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, dírẹ́bà ló ń wà á. Láàárín oṣù mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni dánfó ti fọ́ bọ́ńpà iwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ewúrẹ́ ni. Ike ni bọ́ńpà ọ̀hún, tó bá ti là, ó là náà nìyẹn. Ó ti sú mi. Bọ́ńpà irin ńlá ni mo fẹ́ gbé sí i báyìí. Wẹ́dà kan ládùúgbò wa ní òun á fi irin tó nípọn dáadáa ṣe é fún mi, pé kò sí ohun tó máa ṣe é títí ayé. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má dá a lóhùn, pé èyí tí wọ́n ti ṣe tán láti òkè òkun ni kí n rà, àmọ́ owó ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó wẹ́dà. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Kí sì ni kí n máa wò lára rẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan, torí tí mi ò bá jẹ́wọ́ rẹ̀, ẹ lè rò pé ńṣe ni mò ń ba ọjà wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ mi jẹ́.

Ó ti lé lógún ọdún tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kó pákó gba ọ̀nà Ìtóìkín gbé pikọ́ọ̀pù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní kí n ṣe bọ́ńpà tí ikú ò ní lè pa fún òun. Mo sì ṣe é. Irin oníkòtò tó nípọn mílímítà 6 ni mo gé, mo gbé páìpù lé e lórí, mo wá jó gbogbo rẹ̀ mọ́ ṣásí tààrà, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ dúró. Mi ò lo bóòtù kankan. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn débi pé mo ń pe àwọn tó ń kọjá lọ pé kí wọ́n yà wá wò ó.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó lọ forí sọ etí gọ́tà oníkọnkéré lálẹ́ ọjọ́ òjò kan. Kò sáré. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí bọ́ńpà mi: ọ̀dà nìkan ló bó, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà lẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ó ṣí dé ìdajì, ó há. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ṣásí ti ká lẹ́yìn ibi tí mo jó bọ́ńpà mọ́ gan-an, ó ká bí ìrèké tí wọ́n fẹ́ ṣẹ́ tí kò tíì já. Ọ̀rẹ́ mi ò lè yí ọrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ́ńpà tó yẹ kó kú kọ̀, kò kú. Ṣásí àti ọrùn onítọ̀hún ló bá a san gbèsè.

Ike tí ẹ ń bú yẹn, bó ṣe ń fọ́ un, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Irin kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ò lè rí láti òde. Tí nǹkan bá kọ lù ú, irin yẹn á wó díẹ̀, bó ṣe ń wó ni agbára ìkọlù ń rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sínú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ ike fún yín. Ṣé wọ́n wo irin ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ẹ ní kí dírẹ́bà yín tú u lọ́la kó wò ó. Tó bá ti wó, ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ní báyìí, èwo ni kí ẹ ṣe? Ẹ lọ wo àárín sitiárín ọkọ̀ yín. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ SRS AIRBAG síbẹ̀, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń gba èèyàn mọ́ra tí ọkọ̀ bá kọ lu nǹkan, ọ̀rọ̀ ti parí: ọmọ yín ló jàre. Nǹkan kéékèèké kan wà níwájú ọkọ̀ tó ń gbọ́ ìkọlù, tó sì ń pinnu ìgbà tí àpò afẹ́fẹ́ máa bú jáde. Tí ẹ bá gbé irin gbagidi tí ẹnikẹ́ni ò dán wò síwájú wọn, àpò yẹn lè pẹ́ kó tó jáde, ó sì lè jáde nítorí ewúrẹ́ lásán. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ìdè tí bọ́ńpà fi ń so mọ́ ṣásí lọ́nà tí òun náà á fi wó bó ṣe yẹ. Ọsirélíà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù. Ilé-iṣẹ́ ARB bẹ̀rẹ̀ ní Melbourne ní 1975, ẹranko kangarú tó ń fò sójú títì lálẹ́ nínú ìgbẹ́ wọn ló sì jẹ́ kí irú bọ́ńpà báyìí wúlò fún wọn. Mo fi ń dá yín lára yá ni. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú nípa bọ́ńpà yìí ò rí dánfó rí.

Tí ẹ bá máa rà á, ẹ má sọ fún ẹni tó ń tà á pé ti Hilux lẹ fẹ́, kí ẹ wá dákẹ́ síbẹ̀. Ìran Hilux tó ti wà láti 2005 ni tiyín, èyí tó tún jáde ní 2015 yàtọ̀ sí i pátápátá, wọ́n sì ti tún ojú tiyín gan-an ṣe ní 2011. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ, kí wọ́n wọ̀n ọ́n sí i lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá ní àwọn á fi iná lu ihò bóòtù tuntun kó lè bá a mu, ẹ máa bọ̀ nílé. Tòkunbọ̀ tó ti ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọ́n wá fi ọ̀dà dúdú bo ojú rẹ̀, òun náà pọ̀ lọ́jà. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n ní àgbélébùú, láti igun òkè ọ̀tún dé igun ìsàlẹ̀ òsì, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n láti òkè òsì dé ìsàlẹ̀ ọ̀tún. Tí gígùn méjèèjì ò bá dọ́gba, ó ti jà níbi kan rí.

Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ yín ò bá ní àpò afẹ́fẹ́, mi ò ní lé wẹ́dà yín dànù. Ẹ jẹ́ kó ṣe é, kó kàn má ṣe é bí mo ṣe ṣe é nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́.

Ẹ sọ fún un pé mílímítà 3 lẹ fẹ́. Á yọ ṣùtì, á ní ó fẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín. Irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tó nípọn mílímítà 3, tó kílò 23. Tó bá jẹ́ mílímítà 6, ó di 47. Bọ́ńpà Hilux lè jẹ irú pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ kan àbọ̀. Tí wọ́n bá wá kó páìpù àti ìdè lé onímílímítà 6, kò ní jìnnà sí àpò sìmẹ́ǹtì méjì, ẹ sì mọ̀ pé kílò 50 ni ọ̀kan. Àpò sìmẹ́ǹtì méjì lórí imú ọkọ̀, tọ̀sán tòru, yálà ẹ rí ẹja gbé tàbí ẹ ò rí! Ibi tó wà gan-an tún dá kún un, torí iwájú táyà iwájú ló fì sí, bí ìgbà téèyàn na ọwọ́ gbọọrọ kó tó gbé garawa omi.

Lọ́jọ́ tí ẹja bá kún ẹ̀yìn, ẹ ò ní mọ̀, torí ẹ̀yìn náà ti rì. Àbọ̀ lẹ máa mọ̀ ọ́n, tí ọkọ̀ bá ṣófo, tí iná iwájú ń tàn sílẹ̀ bí ẹni ń wá owó tó bọ́, tí bíréèkì sì ń pẹ́ kó tó mú. Nítorí náà kí wọ́n tó gbé bọ́ńpà sí i, ẹ wọn láti etí fẹ́ńdà dé àárín gbùngbùn táyà lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí wọ́n bá de bọ́ńpà tán, ẹ tún un wọ̀n. Tó bá ti rì ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, sípíríńgì iwájú ń bẹ̀ yín nìyẹn, owó rẹ̀ sì yẹ kó wà nínú owó bọ́ńpà látìbẹ̀rẹ̀.

Bóòtù ni kó fi dè é mọ́ ihò tí ilé-iṣẹ́ ti lu sára ṣásí, kò gbọdọ̀ jó o mọ́ ọn. Ẹ wo orí bóòtù: nọ́ńbà 8.8 máa ń wà lára èyí tó lágbára. Orí tó dán borokoto tí kò ní nọ́ńbà kankan, ti ilẹ̀kùn géètì ni. Tí iná ìjórin bá sì máa kan ohunkóhun lára ọkọ̀, kí wọ́n tú bátìrì kúrò ná, kí àwọn réwáyà má baà di oníbàárà yín.

Ti ojú ibi tó jó, mi ò ní kọ́ ẹlẹ́ja. Iṣẹ́ tó dáa máa ń tò bí ìpẹ́, ọ̀kan á gun orí ọ̀kan, kò ní fo ibì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ń họ ìpẹ́ lójoojúmọ́, ojú yín á dá a mọ̀ ju tèmi lọ. Tó bá ní ihò wẹ́wẹ́ bí inú àkàrà, kó fi ẹ̀rọ gé e kúrò, kó tún un jó.

Ó ku omi. Ẹ̀pẹ́ la wà, omi ò jìnnà sí wa níbì kankan, omi yìnyín ẹja sì ń kán sára ọkọ̀ yín láàárọ̀. Bọ́ńpà irin ní ihò nínú bí àpótí, inú yẹn ló ti ń dógùn-ún wá síta. Kó lu ihò bíi mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi máa rí ọ̀nà jáde, kó sì fi ọ̀dà ìdènà ìdógùn-ún kun inú kó tó dí i pa. Òde tó ń dán kò já mọ́ nǹkan kan tí inú bá ti jẹrà. Kó má sì dí ojú rédíétọ̀ o: sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkòròdú nìkan ti tó láti se ẹ́ńjìnnì jinná.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, mo kí yín o. Hilux ni èmi náà ń wà. Mo rí bọ́ńpà kan tó ní páìpù mẹ́ta sókè, ìkọ́ pupa méjì àti iná gbọọrọ kan. Mo fẹ́ kí àwọn dánfó máa yà fún mi. Ṣé kí n rà á?

Ọmọ Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, dánfó tí kò ní bọ́ńpà kankan, tó jẹ́ okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ló fẹ́ kó máa bẹ̀rù ẹ?

Ẹni tí páìpù yẹn máa bá ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọdá ní Sábó. Gíga orí ọmọ ọdún méje ló wà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń tẹ̀ tó bá gbá èèyàn, páìpù kì í tẹ̀. Nítorí irú èyí ni ìjọba Íńdíà ṣe ní kí àwọn ìpínlẹ̀ wọn máa mú ọkọ̀ tó bá gbé e síwájú, ní oṣù Kejìlá ọdún 2017. Ra èyí tí orí rẹ̀ mọ ní ìsàlẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí etí rẹ̀ yí roboto, tí kò sì bo nọ́ńbà ọkọ̀.

Ìkọ́ pupa yẹn, bẹ̀rẹ̀ kó o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ara irin pẹlẹbẹ ni wọ́n jó o mọ́, tí kò dé ṣásí, ẹ̀ṣọ́ ni. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn mọ́ ọn fa ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, torí tó bá já, bí ọta ìbọn ló máa ń fò. Ìkọ́ tòótọ́ máa ń ní ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, bíi tọ́ọ̀nù 3.25 tàbí 4.75.

Iná gbọọrọ, inú oko ni kó o ti máa tàn án. Tó o bá ti wọ ìgboro, fi nǹkan bo ojú rẹ̀.