Bí ẹ ṣe lè tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù àwọn àkántì ẹbí láìgbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí. Lókè òkun tí ẹ wà, ẹ ní àkántì ní báńkì méjì ní Nàìjíríà, pẹ́ńṣọ̀n, NIN àti pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ, olúkúlùkù ló ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí ẹ̀dà àpótí pásíwọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà LastPass, ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ní 2022, ẹ ò fẹ́ kó tiyín lé ilé-iṣẹ́ kankan lọ́wọ́ mọ́. Ó yé mi dáadáa.

Ẹ gba KeePassXC, áàpù tó ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, sórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ní kí ẹ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Inú fáìlì kan ṣoṣo tó ń tì pa ló ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ọ̀dọ̀ yín sì ni fáìlì náà ń gbé. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣe pásíwọ́ọ̀dù gígùn fún àkántì kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní há wọn sórí. Ẹ da fáìlì yẹn kọ sórí fláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà nílé yín, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán ní ilé mìíràn. Ìgbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ nǹkan nínú rẹ̀, ẹ tún un dà kọ.

Pásíwọ́ọ̀dù tó ń ṣí fáìlì náà nìkan lẹ máa há sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oríkì yín ṣe é, ẹ má fi òwe tàbí orúkọ ìlú ṣe é. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ ọ́n, ó sì ṣeé ṣe kó ti wà lórí Facebook yín. Ẹ gbé ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá, ẹ dijú, ẹ ṣí i. Ọ̀rọ̀ tí ìka yín bá bọ́ lé ni kí ẹ mú, títí yóò fi pé méje. Ẹ má pààrọ̀ èyí tí kò dùn mọ́ yín. Bí irú èyí ló máa rí: okele yanrin agbada sare koriko ewure ponmi.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi àmì sí i. Fóònù kan lè kọ lẹ́tà “ẹ́” kó kọ́kọ́ fi àmì sábẹ́, òmíràn á kọ́kọ́ fi àmì sórí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni, àmọ́ nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú kọ̀ǹpútà, ẹ sì lè ti ara yín mọ́ta. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèje sínú ìwé, ẹ fi sínú àpòòwé, kó wà pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín. Kó má ṣe wà níbi tí fláàṣì wà.

Bí ẹnikẹ́ni nílé ní Nàìjíríà bá ní kí ẹ fi PIN báńkì yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí òun lè bá yín san owó iná, ẹ san án fúnra yín láti inú áàpù báńkì yín. Mi ò fi ti ìjà sọ ọ́. WhatsApp kì í ṣe ibi tí PIN ń gbé.

Èyí tí àwa tó wà lókè òkun máa ń gbàgbé ni síìmù Nàìjíríà. Orí rẹ̀ ni báńkì ń fi OTP, kóòdù tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ránṣẹ́ sí. Ìlànà NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ni pé bí ẹ ò bá náwó lórí nọ́ńbà fún oṣù 6, wọ́n lè pa á. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ fi síìmù yẹn sínú fóònù, kí ẹ máa fi pe ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi PIN ti síìmù fúnra rẹ̀ tì í, kí ẹ sì kọ PUK, nọ́ńbà tó ń ṣí síìmù tó bá tì pa, tó wà lára páálí rẹ̀ sínú KeePassXC, torí bí ẹ bá ṣi PIN náà tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, PUK yẹn ló máa béèrè.