Táìlì wo ni kí n fún wọn nínú Charleston?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Houston ni mò ń gbé. Àwọn obìnrin àdúgbò wa ló kọ́ mi ní mahjong ti Amẹ́ríkà, eré táìlì yẹn, òfin rẹ̀ sì ti yé mi. Charleston, pàṣípààrọ̀ táìlì tí a máa ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ (sọ́tún, sí ẹni tó dojú kọ wá, lẹ́yìn náà sósì), ló ń dà mí láàmú. Tí wọ́n bá ní kí n kó táìlì mẹ́ta fún ẹni ọ̀tún mi, gbogbo rẹ̀ á wá dà bí èyí tí mo ṣì nílò. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo lè yọ̀ǹda?

Ìdáhùn: Èyí tí ẹ máa mú dání ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, mà. Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ìyókù ti di ti aráyé.

Kí ẹ tó wo káàdì tí wọ́n to àwọn ìlà táìlì tó lè jẹ́ kéèyàn borí sí rárá, ẹ to táìlì mẹ́tàlá yẹn, kí ẹ wo àwọn tó jẹ́ méjì-méjì. Joker, táìlì tó ń rọ́pò òmíràn, kò lè dúró níbi tí káàdì bá ti béèrè ẹyọ kan tàbí méjì; mẹ́ta sókè ló ń wọ̀. Nítorí náà, owó ni méjì tó bá ti bá yín láti ilẹ̀, ẹ má tètè tú u ká. Ẹ wá yan abala méjì, ìyẹn ọ̀wọ́ àwọn ìlà tó jọra, lórí káàdì tí táìlì yín sún mọ́ jù. Abala ni mo ní, kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo tí ẹ há sórí lọ́dún tó kọjá, torí ọdọọdún ni National Mah Jongg League ń tẹ káàdì tuntun.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ohun tó bá yín nìyí (Bam, Crak àti Dot ni ìdílé mẹ́ta táìlì oní-nọ́ńbà): 2 Bam méjì, 4 Bam, 6 Crak, 8 Crak méjì, 5 Crak, 9 Bam, 3 Dot, North, East, Red Dragon àti Flower kan. Abala 2468, ti nọ́ńbà 2, 4, 6 àti 8, ti ń pè yín. Èmi á kó 5 Crak, 9 Bam àti North fún ẹni ọ̀tún. Kí ló dé tí mi ò fi 3 Dot kún 9 Bam? Ẹni tó ń wá abala 369 (ti nọ́ńbà 3, 6 àti 9) lè wà níbẹ̀, á kàn kí mi pé ẹ ṣeun ni. Bákan náà ni mi ò ní kó North àti East fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó dojú kọ mí ni máa fún ní East àti 3 Dot, pẹ̀lú èyí tí kò bá wúlò nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Red ṣì lè dúró díẹ̀, torí òun ni Dragon àwọn Crak.

Flower ńkọ́? Èmi kì í yọ̀ǹda rẹ̀. Mẹ́jọ péré ló wà nínú táìlì 152, ìlà tó ń béèrè rẹ̀ sì pọ̀. Joker ní tiẹ̀, òfin ò gbà kí ẹ fún ẹnikẹ́ni.

Tó bá kan ti òsì, tí ẹ ò sì ní mẹ́ta tí ẹ lè yọ̀ǹda mọ́, ẹ mú kan, méjì tàbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú èyí tí wọ́n gbé wá, kí ẹ tì í kọjá láì ṣí i wò. Ibí yìí àti ọ̀tún tó kẹ́yìn Charleston kejì nìkan ni wọ́n ti gbà á láyè.

Ẹnikẹ́ni ló lè ní kí Charleston kejì, ìyẹn pàṣípààrọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì, má wáyé. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa tú 8 Crak méjì yẹn ká kí ẹ tó rí nǹkan fún wọn, ẹ dá a dúró. Àwọn kan á fajú ro. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Àmọ́ tí ọkàn yín ò bá tíì dúró sí abala kan, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹ sì fiyè sí ohun tó ń padà bọ̀. Ẹni ọ̀tún tí ẹ kọ́kọ́ kó táìlì fún náà ló máa kó tiẹ̀ fún yín nígbà tí a bá ń kó o sósì. Tí ẹ bá rí 5 Crak yín láàárín wọn, kò wúlò fún un nìyẹn, òun ló sì máa ń ta tẹ̀ lé yín. Tí eré bá bẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ máa jù sílẹ̀.