Irú ìtọ́jú onítànṣán wo ló dára jù fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, ìyẹn ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sínú ikùn?

Kò sí ọ̀kan tó dára jù fún gbogbo aláìsàn. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń kó dókítà láyà sókè, torí wọ́n sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun pẹ́kípẹ́kí. IMRT, ìtọ́jú tó ń yí agbára ìtànṣán padà bó ṣe yẹ, máa ń ta ìtànṣán láti igun púpọ̀, ó sì ń dáàbò bo ọkàn ju ti 3D àtijọ́ lọ, èyí tí kì í yí agbára ìtànṣán padà bẹ́ẹ̀. Ti proton, èyí tó ń lo àwọn ohun tín-ín-tín inú átọ́ọ̀mù, kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibi tí kókó jẹjẹrẹ wà; nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2020, ìpalára rẹ̀ kéré sí ti IMRT, àmọ́ kò fi hàn pé ẹ̀mí gùn jù bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ sì ga! Brachytherapy ńkọ́? Inú ọ̀nà ọ̀fun gan-an ni wọ́n ń ki orísun ìtànṣán sí. Ìgbà tí oúnjẹ kò bá lọ mọ́ ni wọ́n sábà ń lò ó.